Ta Ló Pa Wọ́n Ní Ọ̀wọ̀? Lẹ́tà Ṣíṣí Sí Agbẹjọ́rò Àgbà Ìjọba Àpapọ̀

Sí Ọmọba Lateef Fágbèmí, SAN,
Agbẹjọ́rò Àgbà Ìjọba Àpapọ̀ àti Mínísítà fún Ètò Ìdájọ́,
Àbújá.

Ẹ̀yin àgbà wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú.

Ìbéèrè kan ló mú mi kọ̀wé sí yín, mo sì fẹ́ kí tọmọdé tàgbà gbọ́ ọ. Ìdí nìyí tí n kò fi fi í ránṣẹ́ ní kọ̀rọ̀. Ìjọba Nàìjíríà ti fún wa ní orúkọ méjì fún àwọn tó pa àwọn èèyàn wa nínú ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì Saint Francis Xavier ní Ọ̀wọ̀, lọ́jọ́ karùn-ún oṣù Kẹfà, ọdún 2022. Lọ́dún náà, wọ́n ní ẹgbẹ́ apànìyàn tí wọ́n ń pè ní ISWAP ni. Nígbà tó di ọdún 2025, ìwé ẹ̀sùn tí wọ́n kà nílé ẹjọ́ ní ẹgbẹ́ mìíràn, Al-Shabaab, ni. Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, a ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ìjọba bọ́ síta kó ní, "Ohun tí a kọ́kọ́ sọ nìyí, ohun tí a padà rí nìyí, ìdí tí wọn kò fi bára mu sì nìyí."

Lóòótọ́, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ DSS ló gbé àwọn afurasí lọ sílé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n abala 174 ìwé òfin ọdún 1999 fún ọ́fíìsì yín lágbára lórí ẹjọ́ ọ̀daràn tí wọ́n bá pè lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀: ẹ lè gbà á lọ́wọ́ ẹni tó pè é, ẹ lè máa bá a lọ, ẹ sì lè dá a dúró. Ìyẹn ni mo fi ń bá yín sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rán wa létí ohun tó ṣẹlẹ̀, torí aburú ti pọ̀ nílẹ̀ yìí débi pé ti òní kì í jẹ́ ká rántí ti àná. Ọjọ́ Àìkú Pẹ́ńtíkọ́sì ni. Máàsì ti ń lọ sópin, ọ̀sán ò tíì pọ́n, nígbà tí àdó olóró dún, tí àwọn agbébọn sì dà á bo àwọn tó ń wá ọ̀nà sá lọ. Ọmọ ọwọ́ wà níbẹ̀, ìyá àgbà wà níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì náà ò sí létí igbó o. Àárín ìlú ló wà, kò jìnnà sí ààfin Ọlọ́wọ̀ rárá. Ó lé ní 40 èèyàn tó kú. Àwọn tó fara gbọgbẹ́ lé ní 100, gẹ́gẹ́ bí ìwé ẹ̀sùn yín ṣe sọ. Ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tó wà nílùú náà kún fọ́fọ́, àwọn ará ìlú sì ń sáré lọ fi ẹ̀jẹ̀ ara wọn sílẹ̀ kí àwọn tó ṣẹ́kù má baà kú.

Lọ́jọ́ kẹtàdínlógún oṣù yẹn kan náà, wọ́n to pósí kalẹ̀ lọ́wọ̀ọ̀wọ́ fún ìsìnkú. Gómìnà Rótìmí Akérédolú, ọmọ bíbí Ọ̀wọ̀, dìde níbẹ̀, ó sì sọ ọ́ níṣojú gbogbo èèyàn pé àwọn kùnà láti dáàbò bo àwọn tó kú náà. Mi ò rántí ìgbà tí mo gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu olóṣèlú nílẹ̀ yìí kẹ́yìn, mo sì bọ̀wọ̀ fún un nítorí ọ̀rọ̀ náà. Ó kú ní oṣù Kejìlá ọdún 2023. Títí tó fi wọlẹ̀, kò sí ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n tíì gbé síwájú adájọ́ nítorí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ta sílẹ̀ nílùú rẹ̀.

Orúkọ kìíní, ibo ló ti wá? Lọ́jọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹfà, ọjọ́ mẹ́rin péré lẹ́yìn ìkọlù náà, Ìgbìmọ̀ Ààbò Orílẹ̀-èdè ṣèpàdé ní Àbújá. Nígbà tí wọ́n parí, Ọ̀gbẹ́ni Ráúfù Arẹ́gbẹ́ṣọlá, tó jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ abẹ́lé nígbà náà, sọ fún àwọn oníròyìn pé ISWAP ni wọ́n gbà pé ó ṣiṣẹ́ náà. Wọn ò tíì fi afurasí kankan han ará ìlú. Wọn ò sì sọ ohun tí wọ́n rí tó mú wọn dórí orúkọ yẹn. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní ẹ̀rí tí kò ṣeé tú síta. Iṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kì í ṣe iṣẹ́ ọjà, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ẹni tó bá yá ẹnu dárúkọ apànìyàn nígbà tí wọn ò tíì sin òkú, ó di dandan kó padà wá sọ fún wa ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí.

Iyèméjì wa ò ṣàdédé wáyé. ISWAP kì í ṣe ẹgbẹ́ tó ń tijú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀ka tí ẹgbẹ́ Islamic State ní ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ni, tó sì ya kúrò lára Boko Haram ní ọdún 2016. Bí wọ́n bá pa èèyàn, wọ́n á kéde. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2022, àdó olóró bú gbàmù níbi tí àwọn èèyàn ti ń mutí ní Iware, ní ìpínlẹ̀ Taraba, wọ́n sì ní àwọn ni. Ní oṣù Keje ọdún yẹn kan náà, oṣù kan lẹ́yìn ti Ọ̀wọ̀, wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Kuje ní Àbújá, wọ́n gbé fídíò rẹ̀ jáde pé àwọn ni. Ní oṣù Kejìlá, àdó olóró dún nítòsí ààfin Ohinoyi, ọba ilẹ̀ Ẹ̀bìrà, ní Òkénè lọ́jọ́ tí Ààrẹ Bùhárí ń bọ̀ wá sí Kogí, wọ́n tún ní àwọn ni. Ṣùgbọ́n ti Ọ̀wọ̀, tó gba ojú ìwé ìròyìn káàkiri ayé, tí póòpù fúnra rẹ̀ dárò, wọn ò pe é ní tiwọn.

Ṣé ìyẹn wá fi hàn pé kì í ṣe àwọn ni? Rárá o. Ẹgbẹ́ apànìyàn lè dákẹ́ nítorí ohun tó yé òun nìkan. Ṣùgbọ́n ó tó ohun tí ọlọ́gbọ́n fi ń béèrè, ó sì yẹ kí ìjọba ti mọ̀ pé a máa béèrè.

Níbi tí àlàyé kò bá sí, àhesọ ní í wọlé jókòó. Ẹ lọ sí ìsọ̀ barbà ní Ọ̀wọ̀, tàbí sí ibi tí àwọn ọlọ́kadà ń kóra jọ sí, ẹ ó gbọ́ oríṣiríṣi. Àwọn kan ní ẹ̀san ni: Akérédolú ni alága àwọn gómìnà Gúúsù nígbà tí wọ́n pàdé ní Asaba ní oṣù Karùn-ún ọdún 2021, tí wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ìdaranjẹko ní gbangba mọ́, ìpínlẹ̀ Oǹdó sì ṣòfin rẹ̀ lọ́dún náà. Wọ́n ní ìdí nìyẹn tí wọ́n fi wá bá a nílé. Àwọn mìíràn ní ọ̀rọ̀ òṣèlú ni, torí ìkọlù náà wáyé nígbà tí ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ APC fún ipò ààrẹ ku ọjọ́ díẹ̀ ní Àbújá. Àwọn kan sì ní ńṣe ni wọ́n dárúkọ ISWAP kí ojú lè kúrò lára ẹlòmíràn.

N kò rí ẹ̀rí tó dúró fún èyíkéyìí nínú ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni gbé e kiri. Pé ohun méjì ṣẹlẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan náà ò sọ pé ọ̀kan ló bí èkejì. Ṣùgbọ́n mi ò ní pe ẹni tó gba àwọn ìtàn yẹn gbọ́ ní òpè. Ọmọ rẹ̀ kú, tàbí ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n fún un ní orúkọ kan láìsí àlàyé, ó wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ wá àlàyé. Ta ni ká bá wí?

Ibi tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ bọ́ sí báyìí. Nígbà tí ọ̀gá àgbà àwọn ológun ìgbà náà, Ọ̀gágun Lucky Irabor, kéde ní oṣù Kẹjọ ọdún 2022 pé ọwọ́ ti tẹ àwọn afurasí, Eika ní ìpínlẹ̀ Kogí ni wọ́n dárúkọ pé wọ́n ti mú wọn, nílẹ̀ Ẹ̀bìrà. Ẹ̀yin náà mọ ìtàn Ẹ̀bìrà àti ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń dáko ní agbègbè Ọ̀wọ̀, Ọ̀sẹ́ àti Àkókó. Àgbẹ̀ paraku ni wọ́n. Iṣu tí wọ́n gbìn là ń jẹ, ọmọ wọn ń bá ọmọ wa lọ síléèwé kan náà, a sì ń fẹ́ ara wa. Láti ọjọ́ tí ìròyìn yẹn ti jáde ni àwọn kan ti ń fi ojú burúkú wo aládùúgbò tí wọ́n ti jọ ń gbé láti kékeré. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, àwọn Fúlàní ni wọ́n ń fura sí, kódà àwọn tó ti di onílé láàárín wa, tí wọn ò ní ju wàrà tí wọ́n ń tà. Àwọn Mùsùlùmí Ọ̀wọ̀ pàápàá, ọmọ onílẹ̀ bíi ti wa, tí wọ́n bá wa sunkún, rí i pé àwọn kan ń sọ̀rọ̀ sí wọn láìtọ́.

Ohun tí orúkọ tí kò dúró lójú kan máa ń ṣe nìyẹn, sà. Bí a bá mọ ẹni tó ṣe é ní pàtó, ẹni yẹn nìkan ni a ó máa bínú sí. Bí a ò bá mọ̀ ọ́n, ìbínú á máa rìn kiri ilé tí kò kàn. Mi ò fẹ́ kí ẹ fi ojú kékeré wo èyí nítorí pé ìjà ò tíì ṣẹlẹ̀ nítorí rẹ̀. Ìlú wa ṣe sùúrù. Ìjọba ò gbọ́dọ̀ máa ná sùúrù yẹn bí owó tí kì í tán.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí ìwé ẹ̀sùn. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2022 tí wọ́n ní ọwọ́ tẹ wọ́n, oṣù Kẹjọ ọdún 2025 ni wọ́n tó gbé àwọn márùn-ún wá síwájú Adájọ́ Emeka Nwite nílé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Àbújá. Ẹ̀sùn mẹ́sàn-án ni wọ́n kà sí wọn lọ́rùn, àwọn márààrún sì ní àwọn ò jẹ̀bi. Nínú ìwé ẹ̀sùn náà ni a ti gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́ pé ọmọ ẹgbẹ́ Al-Shabaab ni wọ́n, pé ẹgbẹ́ náà ní ẹ̀ka kan ní Kogí, àti pé ọdún 2021 ni wọ́n dara pọ̀ mọ́ ọn.

Ẹnu yà mí. Ó kéré tán, méjì nínú orúkọ tí àwọn ológun kà fún wa ní ọdún 2022 tún wà nínú ìwé ẹ̀sùn yìí. Ẹni kan náà ni wọ́n pè ní ọ̀gá nínú ISWAP nígbà yẹn, tí wọ́n wá ń pè ní ọmọ Al-Shabaab nísinsìnyí. Mi ò dárúkọ wọn níbí, nítorí títí ilé ẹjọ́ yóò fi dájọ́, òfin ní ká kà wọ́n sí aláìṣẹ̀, ìbéèrè mi kì í sì í ṣe sí wọn. Ẹ̀yin ni mo ń bi.

Ẹni tí kò bá mọ àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí lè rò pé kò sí ìyàtọ̀ níbẹ̀, pé apànìyàn ni gbogbo wọn. Ìyàtọ̀ ńlá wà. Al-Shabaab tí ayé mọ̀, Sòmálíà ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Òun ló kọlu ilé ìtajà Westgate ní Nairobi ní ọdún 2013 àti yunifásítì Garissa ní ọdún 2015. Al-Qaeda ló wárí fún. Islamic State ni ISWAP wárí fún ní tiẹ̀. Àwọn baba ìsàlẹ̀ méjì yìí kì í ṣe ọ̀rẹ́. Kódà ní Sòmálíà, ńṣe ni Al-Shabaab ń bá ẹ̀ka Islamic State tó wà níbẹ̀ jagun. Nítorí náà, kì í ṣe pé wọ́n kàn pààrọ̀ aṣọ fún ẹnì kan náà. Ẹni tó bá sọ pé ISWAP ni, ohun tó ń sọ ni pé owó, ìbọn àti àṣẹ ti ìhà adágún Chad wá. Ẹni tó bá sọ pé Al-Shabaab ni, ọ̀nà mìíràn pátápátá ló ń tọ́ka sí. Bí ẹ ò bá mọ ọ̀nà tí olè gbà wọlé, ilẹ̀kùn wo ni ẹ fẹ́ tì?

Mo mọ̀ pé àlàyé kan lè wà tí yóò so orúkọ méjèèjì pọ̀. Ní Cabo Delgado, ní àríwá Mòsáńbíìkì, àwọn ará ìlú ń pe àwọn tó ń pa wọ́n ní Al-Shabaab, bẹ́ẹ̀ Islamic State ni ẹgbẹ́ náà fi ara mọ́, kò sì bá ti Sòmálíà tan. Ó lè jẹ́ pé àwọn tó wà ní Kogí ń fi orúkọ náà pe ara wọn láìjẹ́ pé ẹnì kan rán wọn láti Sòmálíà. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, gbólóhùn kan péré ni yóò gbà yín. Ẹ sọ ọ́. Bó bá sì jẹ́ pé òótọ́ ni Al-Shabaab ti Sòmálíà ti dá ẹ̀ka sílẹ̀ ní ìlú tí kò ju ìrìn àárọ̀ kan lọ sí Ọ̀wọ̀, ìròyìn ńlá nìyẹn fún gbogbo ilẹ̀ Yorùbá, kò yẹ ká máa gbọ́ ọ láti inú ìwé ẹ̀sùn lásán.

Kì í ṣe Ọ̀wọ̀ nìkan ni orúkọ ti ń yí padà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025 yẹn kan náà, olùdámọ̀ràn lórí ètò ààbò, Ọ̀gbẹ́ni Nuhu Ribadu, kéde pé ọwọ́ ti ba olórí méjì nínú ẹgbẹ́ Ansaru, ẹgbẹ́ apànìyàn mìíràn tó ya kúrò lára Boko Haram, ó sì ní àwọn ló wà nídìí jíjá ọgbà ẹ̀wọ̀n Kuje. Kuje tí Islamic State ti gbé fídíò rẹ̀ jáde pé iṣẹ́ tàwọn ni! Ó lè jẹ́ pé àwọn ẹgbẹ́ méjèèjì pawọ́ pọ̀ ṣe é. Èmi gan-an rò pé ó ṣeé ṣe. Àmọ́ ọ̀kan nínú àwọn méjì tí wọ́n mú yẹn ni olórí àwọn tó ti ń da àwọn ará Kaiama àti Baruten láàmú ní ìpínlẹ̀ Kwara tiyín, ọmọ Ìjàgbó. Àwọn èèyàn yín níbẹ̀ náà nílò láti mọ ẹni tó wà nínú igbó wọn.

Àwọn kan á ní ìjọba wo layé ló ń ṣàlàyé irú nǹkan báyìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Sípéènì. Lọ́jọ́ kọkànlá oṣù Kẹta ọdún 2004, àdó olóró dún nínú ọkọ̀ ojú irin mẹ́rin ní Madrid láàárọ̀ kùtùkùtù, nígbà tí àwọn èèyàn ń lọ síbi iṣẹ́. Ó lé ní 190 tó kú. Ìdìbò gbogbogbòò ku ọjọ́ mẹ́ta. Ìjọba José María Aznar yára kéde pé ETA ni, ẹgbẹ́ àwọn ará Basque tó ń jà fún òmìnira tí wọ́n ti ń bá fà á láti ọjọ́ pípẹ́. Ẹ̀rí tí àwọn ọlọ́pàá ń rí láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ò sì tọ́ka síbẹ̀. Ó ń tọ́ka sí àwọn tó ń tẹ̀ lé ìlànà Al-Qaeda, èyí tí ìjọba yẹn ò fẹ́ gbọ́, torí pé wọ́n ti kó ọmọ ogun lọ sí Ìráàkì láìka pé ọ̀pọ̀ ará ìlú lòdì sí i. Nígbà tó di alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìdìbò, àwọn èèyàn jáde síta, wọ́n ń pariwo pé, "Ta ló ṣe é?" Ẹgbẹ́ Aznar fìdí rẹmi lọ́jọ́ kejì.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ gbé yẹ̀ wò jù. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn dá ìgbìmọ̀ olùwádìí sílẹ̀. Olórí ìjọba tó kúrò lórí oyè àti èyí tó wọlé, àwọn méjèèjì ló lọ jókòó síwájú ìgbìmọ̀ náà, tí wọ́n ń da ìbéèrè bò wọ́n fún wákàtí gígùn. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ìkọlù náà, ní oṣù Kejì ọdún 2007, ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ ní gbangba, nígbà tó fi máa di oṣù Kẹwàá, adájọ́ ti dájọ́, kò sì rí ọwọ́ ETA níbẹ̀. Síbẹ̀, fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn kan ní Sípéènì ò gba ìdájọ́ yẹn gbọ́, wọ́n ṣì ń wá ETA kiri inú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ìjọba kọ́kọ́ fi kánjú sọ ti ta gbòǹgbò, gbogbo ẹ̀rí tí wọ́n kó jọ lẹ́yìn rẹ̀ ò fà á tu tán. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ níbi tí wọ́n ti ṣí gbogbo ilẹ̀kùn sílẹ̀, báwo ni yóò ti rí níbi tí wọ́n ti tì í?

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ṣe tiwọn. Lẹ́yìn tí ẹnì kan pa èèyàn 22 níbi eré orin ní Manchester ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, wọ́n yan Sir John Saunders láti wádìí rẹ̀. Ìwádìí yẹn sọ ọ́ láìfi bò pé àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ MI5 pàdánù àǹfààní pàtàkì kan tí wọ́n lè fi dá a dúró, ọ̀gá MI5 sì tọrọ àforíjì. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ò tìtorí ìyẹn fọ́.

Nílé wa níbí náà, nígbà tí ilé àlejò ṣọ́ọ̀ṣì Synagogue wó ní Ìkọ̀tún ní ọdún 2014, tí èèyàn 116 kú, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó gbé ìwádìí ikú kalẹ̀ ní gbangba ní Ìkẹjà, àwọn ẹlẹ́rìí wá, àwọn oníròyìn kọ ohun tí wọ́n gbọ́. A mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Àwọn tó kú ní Ọ̀wọ̀ ò kéré sí ẹni tó yẹ kí wọ́n ṣe é fún.

Ohun tí mo ń tọrọ kò le, sà. Ẹ jẹ́ kí ọ́fíìsì yín kọ̀wé jáde lórí bí ISWAP ṣe di Al-Shabaab. Mi ò ní kí ẹ dárúkọ ẹni tó ń ta yín lólobó, mi ò ní kí ẹ fi ọ̀nà tí ẹ fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ hàn. Ẹ kàn sọ pé: ohun tí a gbé lé e ní ọdún 2022 nìyí, ohun tó yí i padà nìyí. Bí ẹni tó sọ̀rọ̀ lọ́dún yẹn bá kánjú, ẹ sọ pé ó kánjú. Kò sí ẹni tí yóò bínú. Ará Ọ̀wọ̀ lè gba òótọ́ tó korò; ohun tó korò ju èyí lọ ti kọjá lórí wọn.

Ẹ tún bá wa ṣí ilé ẹjọ́ náà sílẹ̀. Ìlànà tí Adájọ́ Àgbà ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀, John Tsoho, gbé jáde ní ọdún 2022 lórí ẹjọ́ ìgbésùnmọ̀mí kò gba àwọn oníròyìn láyè láti máa gbé e jáde àyàfi bí ilé ẹjọ́ bá yọ̀ǹda. Mo fara mọ́ ọn pé kí ẹlẹ́rìí bojú, kí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pamọ́. Ẹ̀mí ò láàrọ̀. Ṣùgbọ́n bíbo ojú ẹlẹ́rìí yàtọ̀ sí bíbo ẹ̀rí. Ẹ̀yin lẹ lè dúró níwájú adájọ́, kí ẹ ní ìjọba ò lòdì sí i pé kí àwọn oníròyìn, àti ẹnì kan ó kéré tán láti inú ẹbí kọ̀ọ̀kan tí ó bá fẹ́, wà nínú kóòtù. Àbújá jìnnà sí Ọ̀wọ̀. Opó tó ń ta gaàrí ò lè máa wọkọ̀ lọ sí Àbújá nígbàkígbà tí wọ́n bá sún ẹjọ́ síwájú. Ẹ ṣètò ọkọ̀ fún wọn, tàbí kí ẹ ní ẹnì kan tí yóò máa wá sọ fún wọn nílé, lédè wọn, ibi tí ẹjọ́ dé.

Kí ẹ sì jẹ́ ká mọ ibi tí àwọn afurasí wà fún ọdún mẹ́ta. Abala 35 ìwé òfin wa sọ pé kí wọ́n gbé ẹni tí wọ́n bá mú lọ sílé ẹjọ́ láàárín àkókò tó bójú mu. Òfin ìgbésùnmọ̀mí fún àwọn agbófinró láyè ju ti ẹjọ́ mìíràn lọ, adájọ́ sì lè fi kún un. Adájọ́ wo ló fi kún un, ìgbà mélòó? Kì í ṣe torí àánú apànìyàn ni mo ṣe ń béèrè. Bí wọ́n bá ti ọwọ́ ọ̀nà ẹ̀bùrú gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn láàárín ọdún mẹ́ta yẹn, lọ́yà kan á dìde lọ́jọ́ iwájú, adájọ́ á da ẹ̀rí nù, ẹni tó pa àwọn èèyàn wa á sì rìn jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Bó sì jẹ́ pé aláìmọwọ́-mẹsẹ̀ wà láàárín wọn, ẹni tó ṣe é gan-an ṣì wà níta, ó sì mọ ọ̀nà Ọ̀wọ̀.

Nǹkan kan wà nínú ìwé ẹ̀sùn yín tí kì í jẹ́ kí n sùn. Ẹ ní àwọn olùjẹ́jọ́ ṣèpàdé ní iléèwé ìjọba kan ní Adavi, ní Kogí, láàárín ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìkọlù náà, wọ́n sì tún pàdé ní Ọ̀sẹ́, nínú ìpínlẹ̀ Oǹdó, nígbà tí ọjọ́ náà ku ọ̀la. Bó bá jẹ́ òótọ́, ìrìn yẹn gba ojú títì. Ó gba ibi tí ológun àti ọlọ́pàá dúró sí. Ta ló wà lẹ́nu iṣẹ́? Ṣé ẹnikẹ́ni ta àwọn agbófinró lólobó kí ó tó ṣẹlẹ̀? Ilé ẹjọ́ ò ní dáhùn èyí, torí kì í ṣe ohun tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀. Ìgbìmọ̀ olùwádìí ló lè dáhùn rẹ̀, ẹ̀yin sì lẹ lè gba Ààrẹ nímọ̀ràn láti gbé e kalẹ̀, kí wọ́n jókòó ní Ọ̀wọ̀, kí wọ́n sì tẹ ìwé àbájáde rẹ̀ jáde fún ará ìlú kà.

Àwọn kan á sọ pé ẹni tó bá ń bèèrè irú èyí ń ti àwọn apànìyàn lẹ́yìn, tàbí ó ń bá ìjọba jà. Èmi kò bá yín jà. Mo fẹ́ kí ẹ borí nínú ẹjọ́ yìí, bó bá jẹ́ pé àwọn tó wà níwájú adájọ́ ló ṣe é. Mo fẹ́ kí ẹ borí rẹ̀ débi tí kò fi ní sí ẹni tí yóò tún sọ pé ẹlòmíràn ni.

Bí ẹ bá ti kọ ìdáhùn yín, ẹ má fi í sílẹ̀ fún àwọn oníròyìn Àbújá nìkan. Ẹ fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ààfin Ọlọ́wọ̀, sí ọ́fíìsì Bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì Oǹdó, sí àwọn àgbààgbà Ẹ̀bìrà àti ti Mùsùlùmí tó wà láàárín wa, kí ẹ sì kọ ọ́ ní Yorùbá pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì, kí àwọn ìyá tó sin ọmọ wọn lọ́jọ́ yẹn lè rí i kà fúnra wọn.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Ọmọ Ọ̀wọ̀ kan tó ń retí èsì.